Gìtá oníná àtijọ́ láti ilẹ̀ Japan: kí ni kí n tún ṣe, kí ni kí n má fọwọ́ kàn?

AkorinTakie (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Gìtá oníná kan ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi ta mí lọ́rẹ. Ẹgbẹ́ jùjú kan ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti ń lò ó ní àwọn ọdún 1970, láti ìgbà tí wọ́n sì ti fi orin sílẹ̀ ni ó ti wà lórí àjà. Kò sí orúkọ kankan ní orí rẹ̀. Ihò ìṣó kékeré méjì péré ni ó kù níbi tí àmì ilé-iṣẹ́ ti wà rí. Ní ẹ̀yìn, níbi tí ọrùn ti wọ inú ara, irin pẹlẹbẹ kan wà tí ìdè mẹ́rin mú dúró, «MADE IN JAPAN» ni wọ́n sì tẹ̀ sí i lára. Páànù tí ó bo ojú rẹ̀ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ojú píkọ́ọ̀pù méjèèjì (ẹ̀rọ tí ó ń gba ohùn okùn) ń dán bíi wúrà, píkọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan sì ní súwíìṣì tirẹ̀. Ọ̀pá igi kan ṣoṣo tí ó jókòó lórí ìdè méjì ni bíríjì rẹ̀, ibi tí okùn gbà kọjá lórí ara gìtá.

Ohun tí ó ń ṣe é kò mọ níwọ̀n. Píkọ́ọ̀pù tí ó wà lẹ́bàá ọrùn kò dún rárá. Èyí tí ó wà lẹ́bàá bíríjì ń dún, ṣùgbọ́n ó ń kùn débi pé ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn ilé ìjọsìn á gbọ́ ọ. Okùn rẹ̀ ga sókè lórí ọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìka ọwọ́ fi ń dun mí kí orin ìyìn kan tó parí. Ẹnìkan tí ó ń tún ẹ̀rọ orin ṣe sọ fún mi pé kí n tú gbogbo inú rẹ̀ dànù, kí n jẹ́ kí òun gbẹ́ igi rẹ̀ fún hámbọ́kà méjì (irú píkọ́ọ̀pù kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ kùn), kí òun sì fín ọ̀dà dúdú tuntun sí i. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí ìmọ̀ràn náà, owó tí ó wà lọ́wọ́ mi kò sì pọ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

BabaOnigita (Ọ̀yọ́)

Àbúrò, o ṣeun tí o bèèrè kí wọ́n tó gbé irinṣẹ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ yanjú, nítorí òun ni kò ṣeé dá padà. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo àìsàn tí o kà sílẹ̀ tí ọ̀dà lè wò. Ẹni tí ó bá fẹ́ fín ọ̀dà tuntun yóò kọ́kọ́ fi sáńdípépà bó ti àtijọ́ kúrò, bí ó bá sì ti bó o tán, gìtá náà kò níyì mọ́ lójú ẹni tí ó mọ irú rẹ̀. Fi aṣọ tí ó rin díẹ̀ nù ún, kí o fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé e, kí o sì jìnnà sí tínà, nítorí tínà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdọ̀tí àti ọ̀dà.

Ní ti ibi tí ó ti wá, àpèjúwe rẹ jọ ti Teisco, ilé-iṣẹ́ kan ní Tokyo tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1946, tí Kawai sì rà ní ọdún 1967. Mo ní ó jọ ọ́, n kò ní òun ni, nítorí pé ní àwọn ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ díẹ̀ ní Japan ni ó ń ṣe gìtá fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníṣòwò ilẹ̀ òkèèrè, oníṣòwò kọ̀ọ̀kan sì ń kan orúkọ tí ó wù ú mọ́ ọn lórí. Gìtá tí Teisco ṣe ni Sears ń tà ní Amẹ́ríkà ní orúkọ Silvertone, òun náà ni Woolworth ń tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ Audition. Nítorí náà, má ṣe jẹ́ kí orúkọ tí ó já bọ́ yẹn gba àkókò lọ́wọ́ rẹ. Páànù onílà, ojú píkọ́ọ̀pù aláwọ̀ wúrà àti súwíìṣì kọ̀ọ̀kan fún píkọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti sọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a nílò láti mọ̀.

Ọrùn ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Gìtá tí ọrùn rẹ̀ kò tọ́, bí o bá fi píkọ́ọ̀pù tí ó wọ́n jù lọ láyé sí i, àbùkù ọrùn náà ni píkọ́ọ̀pù yóò máa gbé sínú ańpílífáyà. Lẹ́yìn ọrùn ni bíríjì, lẹ́yìn bíríjì ni wáyà. Ohun tí a ń pè ní ìmúgbòòrò, ìyẹn rírọ́pò ohun kan pẹ̀lú èyí tí ó dára jù ú, kò gbọdọ̀ wáyé títí a ó fi gbọ́ ohùn tí gìtá náà ní gan-an.

Fa okùn rẹ̀ dé ohùn tí ó yẹ. Tẹ okùn tí ó nípọn jù mọ́ fírẹ́ẹ̀tì kìíní (fírẹ́ẹ̀tì ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dábùú ọrùn), kí o sì tẹ okùn kan náà mọ́ fírẹ́ẹ̀tì tí ó kẹ́yìn, kí o wá wo àlàfo tí ó wà láàárín ìsàlẹ̀ okùn náà àti orí fírẹ́ẹ̀tì keje. Yá irin pẹlẹbẹ tí àwọn mẹkáníìkì fi ń wọn ẹnu púlọ́ọ̀gì, kí o fi wọn àlàfo yẹn. Nǹkan bíi mílímítà 0.25 ni à ń wá. Wò ó pẹ̀lú bóyá ihò kan wà ní orí tàbí ní ìdí ọrùn, níbi tí a ti lè fi kọ́kọ́rọ́ yí ọ̀pá irin inú rẹ̀. Kí o ya àwòrán ohun gbogbo kí o tó tú u.

EngrUnderG (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ̀gbọ́n BabaOnigita, ẹ má bínú, mo fẹ́ ta ko yín díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe àwọn gìtá wọ̀nyí, ohun ìkọ́ṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n sì ń tà wọ́n. Kí ló dé tí a fi wá ń bọ wọ́n lónìí? Ẹni tí ó bèèrè yìí fẹ́ lò ó nínú ìjọ ni, kò fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri. Iná aláràbarà wà lórí pèpéle, jẹnẹrétọ̀ wà ní ẹ̀yìn ilé, àwọn ẹ̀rọ mìíràn sì yí i ká; gbogbo ariwo wọn ni píkọ́ọ̀pù oníkọ́ìlì kan, ìyẹn èyí tí ó ní ìdì wáyà kan ṣoṣo, yóò máa gbà wọlé. Torí irú ariwo bẹ́ẹ̀ gan-an ni Seth Lover fi ṣe hámbọ́kà ní ilé-iṣẹ́ Gibson ní ọdún 1955: kọ́ìlì méjì ni wọ́n so pọ̀ lọ́nà tí ariwo tí ó wọ inú ọ̀kan yóò fi pa ti èkejì, nígbà tí ohùn okùn yóò máa pọ̀ sí i. Kí a gbẹ́ igi náà, kí a fi hámbọ́kà sí i, kí iṣẹ́ Olúwa máa lọ.

Waya_ati_Lead (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ọ̀gbẹ́ni EngrUnderG, òótọ́ ni ohun tí ẹ sọ nípa hámbọ́kà, ṣùgbọ́n a kò tíì mọ ohun tí ó ń kùn. Bí ìkùn náà bá wá láti inú wáyà ẹ́ẹ̀tì tí ó já, hámbọ́kà náà yóò máa kùn.

AkorinTakie, wá mítà olówó kékeré kan. Ní àkọ́kọ́, gbé e sí ibi tí ó ti ń wọn óòmù, fi ẹnu rẹ̀ kan mọ́ okùn gìtá, fi èkejì mọ́ irin ìta jáàkì. Òǹkà tí ó bá jáde yẹ kí ó súnmọ́ òdo. Bí mítà kò bá ka nǹkan kan, kò sí wáyà láàárín bíríjì àti ẹ́ẹ̀tì, bóyá nítorí pé ó já, bóyá nítorí pé ẹnìkan ti gé e kúrò rí. Ẹ̀ẹ̀kejì, tú páànù ojú rẹ̀, kí o wọn píkọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan láti orí wáyà rẹ̀ gan-an. Má ṣe gba orí súwíìṣì, nítorí pé irin inú àwọn súwíìṣì àtijọ́ wọ̀nyẹn máa ń dógùn-ún, wọn a sì máa fi àìsàn tiwọn purọ́ mọ́ píkọ́ọ̀pù. Píkọ́ọ̀pù tí ó yè yóò fún ọ ní iye kan ní kílò-óòmù. Èyí tí wáyà inú rẹ̀ ti já kò ní ka nǹkan kan.

Bí ó bá jẹ́ pé súwíìṣì àti fọ́líọ̀mù ni ó dọ̀tí, lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó ń tún fóònù ṣe, kí wọ́n bu díẹ̀ fún ọ nínú spírítì tí wọ́n fi ń fọ bọ́ọ̀dù. Kán an sínú wọn, kí o sì máa yí wọn lọ, yí wọn bọ̀. Bẹntiróòlù àti kẹrosíìnì kò ṣeé lò níbẹ̀. Wọn a máa ba ike jẹ́, kẹrosíìnì a sì tún fi òróró sílẹ̀ tí eruku yóò máa lẹ̀ mọ́.

AkorinTakie

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àlàfo tí ó wà lórí fírẹ́ẹ̀tì keje jẹ́ mílímítà 0.8. N kò rí ihò kankan ní orí tàbí ní ìdí ọrùn. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n kọ «STEEL REINFORCED NECK» sí i. Mítà kò ka nǹkan kan láàárín okùn àti jáàkì. Píkọ́ọ̀pù bíríjì ka kílò-óòmù 5 lé díẹ̀, ti ẹ̀gbẹ́ ọrùn kò ka nǹkan kan, kódà nígbà tí mo wọ̀n ọ́n láti orí wáyà rẹ̀. Àwọn okùn tí wọ́n fi sí i nípọn gan-an, wọ́n sì wé wáyà mọ́ okùn kẹta pàápàá.

BabaOnigita

Ọ̀pá irin tí ó wà nínú ọrùn rẹ kò ṣeé yí, ohun tí àkọlé yẹn ń sọ nìyẹn. Wọ́n fi irin sínú igi láti fún un lágbára, wọn kò sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti tún un ṣe láti ìta. Ẹni tí ó bá ní òun yóò wá ibi tí òun yóò ti yí i yóò kàn fọ́ igi ni.

Ṣùgbọ́n ọrùn náà kò kú. Ohun tí ó tẹ̀ ẹ́ ni ipá àwọn okùn nípọnnípọn wọ̀nyẹn. Lórí gìtá tí okùn rẹ̀ gùn tó mílímítà 648, okùn tí wọ́n ń pè ní 10 sí 46 (bí okùn kìíní àti ìkẹfà ṣe nípọn tó, ní ìdá ẹgbẹ̀rún ínṣì) máa ń fa ọrùn pẹ̀lú ipá tí ó tó nǹkan bíi kílò 46. 9 sí 42 kò ju nǹkan bíi kílò 38 lọ. Tirẹ ju méjèèjì lọ dájúdájú. Tú wọn sílẹ̀, kí o jẹ́ kí ọrùn náà sinmi fún ọjọ́ mélòó kan, kí o fi 9 sí 42 sí i, kí o sì tún àlàfo náà wọ̀n. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀ dé 0.4 tàbí kí ó dín sí i, ẹ ti bọ́. Bí kò bá sọ̀kalẹ̀, iṣẹ́ àwọn tí ó ń fi ooru àti ìdè tẹ ọrùn padà ni, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi irin ìlọṣọ dán wò nílé.

Gíga okùn jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Wò ó bóyá bíríjì rẹ ti wálẹ̀ dé òpin. Bí ó bá ti dé òpin tí okùn ṣì ga, igun tí ọrùn fi wọ inú ara ni kò tọ́. Tú ìdè mẹ́rin tí ó wà lẹ́yìn, kí o fi pẹlẹbẹ igi kan sínú ihò tí ọrùn jókòó sí, ní apá tí ó súnmọ́ bíríjì. Mílímítà 0.5 tó láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé nǹkan kékeré tí o bá fi síbẹ̀ máa ń di ńlá kí ó tó dé bíríjì: ó lè ju mílímítà 1.5 lọ níbẹ̀. Àwọn kan máa ń ṣẹ́ páálí sí méjì, wọn a sì kì í bọ̀ ọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ n kò fẹ́ràn rẹ̀. Jẹ́ kí káfíńtà fá igi pẹlẹbẹ kan fún ọ tí yóò bo gbogbo ìsàlẹ̀ ihò náà, kí ó nípọn ní apá kan, kí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ títí dé òdo ní apá kejì. Igi yóò fara mọ́ igi, ọrùn náà kò sì ní ní àlàfo lábẹ́ tí yóò fi máa tẹ̀ sí i.

Bí o bá tún ń fọ pátákó ìka, má fi epo pupa tàbí òróró ẹ̀pà kùn ún, wọn a máa kan, wọn a sì máa dì. Òróró tí a fi ń pa ọmọ ọwọ́ lára, èyí tí kò ní ju òróró alùmọ́ọ́nì àti òórùn dídùn lọ, dára fún un. Ìkán díẹ̀ ni, kí o sì nù ún kúrò.

OmoAkesan (Ọ̀yọ́)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun, èmi náà ní gìtá Japan kan, Aria ni orúkọ tí ó wà lórí tèmi, ọrùn rẹ̀ sì ní ihò tí a fi ń yí irin. Ẹni tí ó fẹ́ rà á lọ́wọ́ mi ní «gìtá ẹjọ́» ni, pé ó yẹ kí ó wọ́n. Kí ni ó ń sọ?

BabaOnigita

Àbúrò OmoAkesan, Matsumoku ní ìlú Matsumoto ni ó ṣe ọ̀pọ̀ nínú gìtá Aria, títí tí ilé-iṣẹ́ náà fi kógbá sílé ní ọdún 1987. Àpótí máṣíìnì ìránṣọ Singer ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó bọ́ sí ìdí gìtá, ìdí sì nìyẹn tí iṣẹ́ igi wọn fi já fáfá. Ẹjọ́ tí wọ́n ń sọ yẹn, Norlin tí ó ni Gibson ni ó pè é ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1977, ẹni tí ó sì pè lẹ́jọ́ ni Elger tí ó ń kó gìtá Ibanez wọ ìlú náà, nítorí bí wọ́n ṣe gé orí gìtá wọn. Ìta ilé ẹjọ́ ni wọ́n ti yanjú rẹ̀ ní ọdún 1978. Aria kò sí níbẹ̀. Àwọn tí ó ń ta gìtá ni ó fi orúkọ ẹjọ́ náà bo gbogbo gìtá Japan àwọn ọdún 1970 mọ́lẹ̀. Bí tìrẹ bá dára, torí pé ó dára ni kí o fi tà á, kí o má sì jẹ́ kí ẹ̀rín oníbàárà mú ọ dín owó rẹ̀ kù.

Waya_ati_Lead

AkorinTakie gbé gìtá náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lánàá, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí, kí ó lè wúlò fún ẹlòmíràn.

Wáyà ẹ́ẹ̀tì bíríjì wà níbẹ̀, ó kàn ti já kúrò lẹ́yìn pọ́ọ̀tì fọ́líọ̀mù ni, ìyẹn ohun tí a ń yí láti mú ohùn ròkè tàbí kí ó rẹlẹ̀. Ẹni tí ó fi ọwọ́ kàn án kẹ́yìn jó lẹ́ẹ̀dì lé orí ìdọ̀tí, lẹ́ẹ̀dì náà sì dì sójú kan láìmú irin. Mo fi sáńdípépà ha ẹ̀yìn pọ́ọ̀tì náà títí tí irin fi dán, mo jẹ́ kí ó gbóná dáadáa, mo sì jó wáyà náà padà. Ìkùn tí ó ń da gbogbo ìjọ láàmú lọ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ọwọ́ bá sì ti kan okùn, ó tún lọ sílẹ̀ sí i.

Ní ti píkọ́ọ̀pù tí ó kú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ irú rẹ̀ nù kí ó tó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Wáyà tí wọ́n wé sínú kọ́ìlì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó irun orí, nǹkan bíi mílímítà 0.06, ibi tí ó sì ti máa ń já jù lọ ni ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ wáyà ńlá tí ó ń jáde. Mo rọra tú irin tí ó bò ó, mo ṣí ọ̀rá tí wọ́n fi dì í, mo sì fi gíláàsì tí àwọn tí ó ń tún aago ṣe ń lò wò ó. Ẹnu wáyà náà ń fì lójú kan, ó ti dúdú, kò kan nǹkan kan. Mo fi ìka ré e sílẹ̀ láti ara kọ́ìlì, kò ju ìyípo kan lọ, mo fi sáńdípépà tí ó kúnná jù lọ ha varnish orí rẹ̀, mo fi lẹ́ẹ̀dì pa á lára títí tí ó fi dán bí ẹnu abẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ni mo tó so ó. Mítà ka kílò-óòmù 5 lé díẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti ẹnìkejì rẹ̀. Mo sì so wáyà ńlá náà mọ́ ara irin ìsàlẹ̀, kí ó má baà máa fa tẹ́ẹ́rẹ́ náà mọ́.

N kò pààrọ̀ pọ́ọ̀tì kankan. Spírítì tó fún wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ tirẹ̀ gbọdọ̀ mọ̀ pé ọ̀pá pọ́ọ̀tì Japan jẹ́ mílímítà 6, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 6.35, ìdí pọ́ọ̀tì Amẹ́ríkà sì tóbi ju ihò tí ó wà lára páànù yẹn lọ. Kí ẹ wá èyí tí yóò wọ ihò náà, kí ẹ má ṣe fẹ ihò náà. Píkọ́ọ̀pù oníkọ́ìlì kan sábà máa ń gba pọ́ọ̀tì kílò-óòmù 250, hámbọ́kà a sì máa gba 500, nítorí pé òǹkà tí ó bá kéré máa ń jẹ lára ohùn tí ó mú. Ní ti kàpásítọ̀ tóònù, èyí tí ó ń bá wa dín ohùn tí ó mú kù, iye tí ó wà lára rẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó ń fi owó gọbọi ra ti àtijọ́ ń ra ìtàn.

EngrUnderG

Ọ̀gá Waya, mo gbà pé ẹ́ẹ̀tì ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi pé kò kùn mọ́ rárá. Ẹ gbé e súnmọ́ ańpílífáyà kí ẹ wá ròyìn. Ṣé kí a fi ìwé fàdákà bo gbogbo inú rẹ̀ ni?

Waya_ati_Lead

Ó ṣì ń kùn díẹ̀, bí gbogbo píkọ́ọ̀pù oníkọ́ìlì kan ṣe ń ṣe. Ìwé bàbà tàbí ìwé fàdákà tí a lẹ̀ mọ́ inú ihò, tí a sì so mọ́ ẹ́ẹ̀tì, yóò dín ariwo tí ó ń ta ṣààṣà kù, irú èyí tí iná pèpéle máa ń dá sílẹ̀. Kò ní dí ìkùn 50 Hz tí ó ń jáde láti inú tíráńsífọ́mà ańpílífáyà lọ́wọ́, nítorí agbára òòfà ni ìyẹn, ó sì ń gba inú ìwé kọjá. Yíyí ara kúrò lójú ańpílífáyà ni oògùn rẹ̀. Kí ẹ ṣọ́ra kí ìwé náà má kan ẹnu wáyà tí ó ń gbé ohùn jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gìtá náà yóò dákẹ́ pátápátá.

EngrUnderG

Ó dára. Èrò mi nìyí, kí a má bàa pín sí méjì: kí AkorinTakie yọ páànù ojú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà lára rẹ̀, kí ó tọ́jú rẹ̀, kí ó gé òmíràn láti inú ike pẹlẹbẹ, kí ó sì fi hámbọ́kà àti pọ́ọ̀tì 500 sára ìyẹn. Bí ihò inú igi bá jìn tó, kò sí ohun tí ó bàjẹ́, ọjọ́ tí ó bá sì fẹ́ ti àtijọ́ padà, sukúrùdíráfà nìkan ni yóò lò. Èmi ṣì gbà pé fún orin ìyìn tí ó gbóná, hámbọ́kà ni.

BabaOnigita

Èyí dùn mọ́ mi nínú, kò gbẹ́ igi, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ti àtijọ́ tí ó ti yè yìí. Ry Cooder, ata-gìtá ará Amẹ́ríkà, gbé irú píkọ́ọ̀pù Teisco bẹ́ẹ̀ sí ara gìtá Fender rẹ̀, nítorí ohùn rẹ̀ ni. Nínú jùjú, níbi tí gìtá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ń dún pọ̀ tí olúkúlùkù sì gbọdọ̀ ní ibi tirẹ̀, ohùn tí ó mọ́ gaara tí kò nípọn ni tẹ́nọ̀ gìtá nílò. Hámbọ́kà a máa gba gbogbo àyè.

IyaBeesi (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Béèsì ni mo ń ta, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń dúró lórí pèpéle, mo fẹ́ fi ohun kan kún un tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Nísinsìnyí tí okùn gìtá yẹn ti so mọ́ ẹ́ẹ̀tì, ara ọmọ yìí náà ti so mọ́ ọn nígbàkúùgbà tí ó bá ń ta á. Bí ẹ́ẹ̀tì ańpílífáyà kò bá dára, tí wọ́n sì so máíkì mọ́ iná mìíràn, ètè rẹ̀ ni iná yóò gbà kọjá nígbà tí ó bá fẹ́ kọrin. Ẹ gbé mítà yín sí ibi tí ó ti ń wọn iná ilé, ẹ fi ẹnu kan mọ́ okùn, ẹ fi èkejì mọ́ irin ojú máíkì. Bí ó bá ju fóòtì kan tàbí méjì lọ, kí ẹnikẹ́ni má fẹnu súnmọ́ ọn. Gbogbo ẹ̀rọ orin ni kí ẹ so mọ́ ojú iná kan ṣoṣo tí ó ní ẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n ri ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ níbi jẹnẹrétọ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ́ eyín kẹta púlọ́ọ̀gì torí pé kò wọ ihò ògiri.

Ohun kejì ni ọyẹ́. Tí ọyẹ́ bá ti dé ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, pátákó ìka a máa fún, ẹnu fírẹ́ẹ̀tì a sì máa yọ síta, a máa gé ọwọ́. Ẹ má ṣe sáré fi fáìlì rẹ́ ẹ ní ọjọ́ tí ọyẹ́ kọ́kọ́ dé. Ẹ fi kànìnkànìn tí ó rin díẹ̀ sínú àpótí ọṣẹ tí ẹ lu ihò sí, ẹ gbé e sínú àpò gìtá, kí ọ̀rinrin ibẹ̀ wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí àpò náà má sì wà ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀, nítorí ikán.

AkorinTakie

Màmá, ẹ ṣeun, mo wọ̀n ọ́n, a sì ti so gbogbo ẹ̀rọ mọ́ ojú iná kan. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, píkọ́ọ̀pù ẹ̀gbẹ́ ọrùn yìí dùn ju bí mo ṣe rò lọ, n kò rò pé mo máa fi hámbọ́kà sí i ní báyìí. Mo fi okùn 9 sí 42 sí i, àlàfo fírẹ́ẹ̀tì keje ti wá sí 0.35, káfíńtà sì ti fá pẹlẹbẹ igi náà. Ìṣòro tí ó kù ni pé okùn kẹta kò bá àwọn yòókù mu. Bí mo bá fa á pé lófìfo, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, ohùn rẹ̀ ga jù. Ṣé kí n ra bíríjì irin tuntun ni?

BabaOnigita

Kò tíì di dandan. Àwọn okùn tí o yọ yẹn, o ní wọ́n wé wáyà mọ́ ìkẹta. Bẹ́ẹ̀ ni okùn ṣe rí láyé ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ọ̀pá igi tí ó wà lórí bíríjì rẹ, ipele tí wọ́n sì gbẹ́ sí orí rẹ̀ ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ìkẹta tí a wé. Okùn kẹta inú 9 sí 42 kò ní wáyà lára, ó sì yẹ kí ibi tí yóò jókòó sí jìnnà sí orí gìtá ju ti àtijọ́ lọ kí ohùn rẹ̀ tó lè sọ̀kalẹ̀. O lè ra okùn tí a wé ìkẹta rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn nípọn, ọrùn rẹ kò sì nílò ìyà yẹn.

Tọ́jú ọ̀pá igi àtijọ́ náà sínú àpò gìtá. Mú un lọ sọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà, kí ó gbẹ́ irú rẹ̀ kan náà láti inú igi apá tí ó ti gbẹ dáadáa, kí gígùn rẹ̀, gíga rẹ̀ àti àlàfo ihò ìdè méjèèjì dọ́gba pẹ̀lú ti àtijọ́, ṣùgbọ́n kí ó má gbẹ́ ipele kankan sí orí rẹ̀. Gbé e sí ipò, fa okùn, kí o rí i pé okùn kìíní àti ìkẹfà bá fírẹ́ẹ̀tì kejìlá mu. Ìyẹn ni kí o tó fọwọ́ kan ìkẹta. Fi fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ́ iwájú igi náà lábẹ́ okùn kẹta nìkan, díẹ̀díẹ̀, kí ṣónṣó tí okùn jókòó lé máa sún sẹ́yìn, kí o sì máa fa okùn kí o máa gbọ́ ọ lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bí ohùn méjèèjì bá ti ṣe déédé, dá fáìlì dúró, kódà bí ó bá dà bíi pé díẹ̀ ṣì kù. Okùn kejì ni yóò kàn, òdìkejì ni tirẹ̀, iwájú ni ṣónṣó rẹ̀ yóò wà. Kí o fi ẹnu pẹ́ńsù kùn inú ojú ihò nọ́tì, ìyẹn ohun tí okùn gbà kọjá lẹ́bàá orí, kí okùn lè máa yọ̀ níbẹ̀ nígbà tí o bá ń fà á.